Ajere Kì í Ṣe Asẹ́, Orógùn Kì í Ṣe Ìgbákọ!

Àìmọ ìyàtọ̀ ohun èlò ìdáná ń ba oúnjẹ jẹ́, ó ń dá ìjà sílẹ̀, ó sì ń gbé àìsàn wọlé

Ohun èlò ìdáná kún ilé, àmàlà ń ta kókó. Ọbẹ̀ ta sánsán, ìdí rẹ̀ ti jóná. Omi tútù wà nínú àmù, inú sì ń run gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀tá ilé kankan nídìí rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn lóde òní ni kò mọ iṣẹ́ tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan wà fún mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà, wọn a fi wọn gaàrí. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìrẹsì, wọn a fi ro àmàlà. Ife tí wọ́n fi mu omi tán, wọn a tún tì í bọ inú àmù.

Ẹ wọ ilé ìdáná àwọn tọkọtaya tuntun mìíràn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí nǹkan. Abọ́ ike tí wọ́n pín níbi òkú bàbá àgbà, tí àwòrán olóògbé ṣì wà nídìí rẹ̀, ó tó mẹ́wàá. Kúlà tí wọ́n gbà bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó, ó jẹ́ mẹ́rin. Ife tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tuntun sí lára, kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìjábẹ̀, kò sí. Ẹ béèrè ajere, wọn á ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orógùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọmọ ti fi lé ewúrẹ́ aládùúgbò, ó ti dá sí méjì.

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ń pani, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Oúnjẹ ń ṣòfò nínú rẹ̀, owó ń bá a lọ, ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ ń ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ohun tó tún burú jù ni pé àìsàn ń gba ibẹ̀ wọlé tọ àwọn ọmọdé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú ilé ìdáná wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká mọ èyí tó ń jẹ́ kí ni, ká sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

ÌKÒKÒ KÒ JỌ ARA WỌN

Ẹni tó bá rò pé ìkòkò ṣáà ni gbogbo ìkòkò, kó dé àdúgbò Dada ní ìlú Ìlọrin, tàbí kó dé Ìpetumodù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí Ìṣàn-Èkìtì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń fi amọ̀ mọ ìkòkò láti ìrandíran, orúkọ ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n mọ ọ́n fún.

Ìṣaasùn ni ti ọbẹ̀. Kò tóbi púpọ̀, inú rẹ̀ jìn, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀ jù, kí ooru má baà tètè sá jáde. Amọ̀ kì í tètè gbóná bí irin, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná, kì í tètè tutù. Ìdí abájọ rèé tí ọbẹ̀ inú ìṣaasùn fi máa ń hó lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ra ìṣaasùn tuntun kì í gbé e kaná lọ́jọ́ náà. Á rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, lẹ́yìn náà á bu omi sí i, á fi iná jẹ́jẹ́ se omi náà, kí ara ìkòkò lè mọ iná. Bí ẹnikẹ́ni bá sì da omi tútù sínú ìṣaasùn tó gbóná janjan, kó má bínú bó bá gbọ́ "kẹ́ẹ́!" Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Wọn ò sọ pé kí wọ́n ti inú iná gbé e sínú omi.

Òdù ni ìkòkò ńlá, ti ìnáwó, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àṣìṣe tí àwọn ìyàwó mìíràn ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ìkòkò ńlá ka iná nítorí ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́ta. Ọbẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí ìkòkò, omi rẹ̀ á gbẹ kí ata tó jinná, gáàsì á tán, ọbẹ̀ á sì jóná. Wọ́n á wá ní gáàsì òde òní ò pẹ́ mọ́. Ìkòkò ló tóbi ju ọbẹ̀ lọ!

Àmù ni ti omi mímu. Wọn a máa gbé e sí igun tí oòrùn ò dé, wọn a sì fi iyanrìn tútù tì í nídìí. Idán kankan ò sí nínú bí omi rẹ̀ ṣe ń tutù. Amọ̀ ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí. Omi ń gba inú wọn yọ díẹ̀díẹ̀ sí ara àmù lóde, afẹ́fẹ́ ń gbẹ omi náà, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọ̀dà kun ara àmù pé kó lè dán ti dí gbogbo ihò rẹ̀ pa. Ó ti sọ àmù di garawa lásán.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa àmù ni ohun tí wọ́n fi ń bu omi inú rẹ̀. Nílé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, nǹkan méjì ló ń bá àmù gbé. Ọ̀kan ní ọwọ́ gígùn, òun ni wọ́n fi ń bù, ẹnu ẹnikẹ́ni kì í kàn án, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ inú omi. Èkejì ni ife tí wọ́n fi ń mu ún. Ilé tó bá ń fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ti di ti gbogbo ilé nìyẹn. Àwọn àgbà tó bá ṣì rántí ìparí ọdún 1970, nígbà tí àrùn onígbáméjì ya wọ Nàìjíríà, tó sì jà ràn-ìn ní ọdún 1971, wọ́n mọ ohun tí omi tí ọwọ́ ìdọ̀tí kàn lè ṣe. Àrùn náà kò sì tíì fi wá sílẹ̀ títí di òní. Igbá méjì létí àmù ló ń lé onígbáméjì jìnnà.

AGBADA TÍ KÌ Í ṢE AṢỌ

Agbada tó wà nílé ìdáná kì í ṣe agbádá tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ sóde o. Ìkòkò pẹrẹsẹ ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ kò jìn. Òun ni wọ́n fi ń dín àkàrà, òun náà ni wọ́n fi ń yan gaàrí. Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi fẹ̀? Ti àkàrà kò le: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí àyè yí ara padà nínú epo láìlẹ̀ mọ́ èkejì. Ti gaàrí ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Gbágùúdá ní oró lára, bó ti wù kó funfun tó. Gbogbo ohun èlò tí àwọn ìyá ń lò nídìí gaàrí, oró yẹn ni wọ́n ń lé. Wọ́n á rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹlẹ́rọ, kí ara gbágùúdá lè fọ́ kí oró inú rẹ̀ lè tú. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì fún un, omi oró á máa ṣàn jáde bó ṣe ń kan láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ìgànnìgàn rẹ̀ lè kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú agbada lórí iná, wọ́n á máa fi àfọ́kù igbá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fi yí i. Nítorí pé agbada fẹ̀, oru oró tó kù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ fi ìkòkò tí inú rẹ̀ jìn ṣe é, ọ̀rinrin ò ní rí ọ̀nà jáde bó ṣe yẹ, ẹ̀bà ló máa di kó tó di gaàrí. Ẹni tó bá ń kánjú, tó fo ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, oró ló fi sílẹ̀ sínú oúnjẹ.

Iṣẹ́ agbada lágbára débi pé ó bá àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ṣì ń jókòó ní ìgboro, wọ́n ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Orí òkúta ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà rẹ̀ láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá tiwa ṣe ń lọ ọ́ lórí ọlọ, igi ni wọ́n sì fi ń pò ó kó lè wú. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ò jẹ́ kí ó parun, àwa tó wà nílé ló ń béèrè pé kí ló ń jẹ́ agbada.

ÈWO NI AJERE, ÈWO NI ASẸ́?

Àwọn méjèèjì ní ihò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì wọ́n mú. Ajere jẹ́ ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá lu yíká. Wọ́n ń fi sẹ́ omi kúrò lára irú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọ́n sì ń kó ẹran tàbí ẹja sínú rẹ̀ sókè iná kó lè gbẹ. Asẹ́ ní tirẹ̀, ihò rẹ̀ kéré, ó sì wà ní oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n hun wà fún gaàrí, èyí tó jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà fún ògì àti èlùbọ́.

Bí ọmọ bá bi yín ní ìyàtọ̀ wọn, ẹ dá a lóhùn báyìí: ohun tí à ń fẹ́ ló ń ṣẹ́ kù sínú ajere, ohun tí à ń fẹ́ ló ń gba inú asẹ́ kọjá. Bí irú bá wà nínú ajere, omi la dà nù. Bí ògì bá gba inú asẹ́ kọjá, èérí ló ṣẹ́ kù, ti ẹran ọ̀sìn nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ògì lé ajere, èérí àti ògì ni yóò jọ mu pọ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ọmọ lọ fi ajere pọn omi wá, ìyà ló fẹ́ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

ORÓGÙN, ÌGBÁKỌ, ÌPỌNBẸ̀, ÌJÁBẸ̀

Ibí yìí gan-an ni ìjà pọ̀ sí jù. Orógùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọmọrógùn, igi gbọọrọ ni tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́nu. Òun ni wọ́n fi ń ro àmàlà, láfún àti ẹ̀kọ. Bí omi bá hó tí èlùbọ́ wọ inú rẹ̀, ẹnu orógùn tó pẹlẹbẹ yẹn ló ń tẹ kókó fọ́ mọ́ ara ìkòkò. Ẹ fi ṣíbí ìrẹsì ṣe é, ẹnu ṣíbí rí róbótó, ńṣe ni kókó á máa yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ṣíbí ike ṣe é, á tẹ̀ kọrọdọ, bí ooru bá sì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú oúnjẹ. Ọkọ á wá jókòó sídìí àmàlà, á bu òkèlè, á kan kókó bí ẹni kan òkúta. Á ní ìyàwó òun ò mọ àmàlà í rò. Ìyàwó mọ̀ ọ́n rò, orógùn ni kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò sì tó owó ọtí ìgò kan.

Wọ́n ti ro àmàlà tán. Kí ni wọ́n fi ń bù ú? Kì í ṣe orógùn o! Ìgbákọ ni. Láyé àtijọ́, àfọ́kù igbá tí wọ́n gé, tí wọ́n sì ha létí kó lè dán ni wọ́n fi ń ṣe é. Lóde òní, wọ́n ń fi igi, ike àti irin ṣe é pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: òun ló ń gbá ẹ̀kọ. Wọn a máa tì í bọ omi kí àmàlà má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a fi bù ú, wọn a sì fi yí i po nínú abọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa.

Ìpọnbẹ̀ ni ti ọbẹ̀. Ó jinnú kó lè bu omi ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹran, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn kí oru má baà jó ẹni tó ń bù. Àwọn ìyá olóúnjẹ mọ̀ pé ìpọnbẹ̀ ni òṣùwọ̀n àwọn. Ìpọnbẹ̀ kan náà tí wọ́n fi bù fún oníbàárà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni wọ́n á fi bù fún ẹni ìkẹyìn. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ṣèèṣì mú èyí tó tóbi jù ú lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú èrè ti wọmi. Bó bá sì mú èyí tó kéré, àwọn oníbàárà á sáré lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ìjábẹ̀ wá ńkọ́? Ti ewédú ni. Ọwọ̀ kúkúrú ni, wọ́n fi okùn dì í pinpin, wọ́n sì gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Bí ewédú bá ti rọ̀ lórí iná, wọn a ti ìjábẹ̀ bọ inú ìkòkò, wọn a máa fi já a lókè nísàlẹ̀ títí yóò fi máa fà yọ̀ọ̀. Bílẹ́ńdà náà lè ṣe é, òótọ́ ni, pàápàá fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Àmọ́ kó yàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó má jẹ́ kó pẹ́ jù, kí ewédú má baà di fóòmù bí omi ọṣẹ. Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé: irú ọwọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìjábẹ̀ àti ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá lo ìjábẹ̀ tán, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n gbé e kọ́. Ìjábẹ̀ tí wọ́n bá jù sí igun ilẹ̀, ọmọ tí wọ́n ní kó gbálẹ̀ á fi gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á tún fi já ewédú lálẹ́. Inú wo ni kò ní run?

ỌLỌ, ODÓ ÀTI Ẹ̀RỌ

Ọlọ, òkúta méjì ni. Ìyá ọlọ ló dùbúlẹ̀, ọmọ ọlọ ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ilé tó bá gún régé a máa ní ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún egbòogi. Òkúta tí wọ́n ti lọ ata lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ata ti wọ ọ́ lára. Ẹni tó bá lọ oògùn ojú ọmọ lórí irú ọlọ bẹ́ẹ̀, ẹkún tí ọmọ náà máa sun, àdúgbò kejì ló máa gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odó. Odó iyán fẹ̀ nínú, ó dúró digbí, ọmọ odó rẹ̀ sì wúwo. Odó kékeré wà fún ata gbígbẹ, ègúsí àti ohun tó jọ ọ́. Igi máa ń mu ohun tí wọ́n bá gún nínú rẹ̀. Ẹni tó gún ata nínú odó iyán láàárọ̀, àlejò tó bá jẹ iyán nílé rẹ̀ lálẹ́ á rò pé wọ́n fẹ́ lé òun lọ ni.

Kì í ṣe pé ohun ìgbàlódé burú. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ifẹ̀, G. A. Mákanjúọlá, ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán, ọ̀pọ̀ ìyá ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ríro láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ náà ohun èlò ni, àwọn náà sì ní iṣẹ́ tí wọ́n wà fún. Bí a bá gbé iṣẹ́ mìíràn fún wọn, wọ́n lè di ẹbọra.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé kan ń wa òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Wọ́n gbé e wá sílé. Wọ́n ń fọ́ ọ nínú agboolé, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lọ ọ́ nínú irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun. Eruku òjé bá orí ilẹ̀, ó bá ọwọ́ ọmọ, ó bá oúnjẹ. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn tó yè, òjé ti wọ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́jẹ̀, ìtọ́jú wọn sì gba ọdún gbọọrọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ oúnjẹ àti ẹ̀rọ òkúta, ẹ̀mí àwọn ọmọdé ni.

ÌKÒKÒ TÓ Ń TU OHUN TÍ A Ò SÈ

Òjé kan náà yìí lè gba ọ̀nà mìíràn wọ ilé. Àwọn ìkòkò kan wà lọ́jà tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù àlòkù rọ: ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo, ohun tó ti bàjẹ́ lóríṣiríṣi, tí wọ́n yọ́ pọ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde lórí irú ohun ìdáná bẹ́ẹ̀ 42, tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè 10 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Àárín Amẹ́ríkà. Wọ́n fi omi kíkan sè wọ́n fún wákàtí méjì. Nínú mẹ́ta-mẹ́ta, ó tó ọ̀kan tó tu òjé sínú omi náà dé ìwọ̀n tó lè pa èèyàn lára.

Ká má tìtorí èyí sọ pé kí gbogbo ayé lọ da ìkòkò wọn nù o. Ìkòkò owó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó má ṣe fi ohun kíkan pa mọ́ sínú rẹ̀. Ọbẹ̀ tòmátì kì í sùn nínú rẹ̀ mọ́jú, ògì kì í kan nínú rẹ̀. Kó má sì fi kànìnkànìn irin ha inú rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànàmáná, nítorí ara ìkòkò ló ń ha sínú oúnjẹ ọ̀la. Ìṣaasùn, abọ́ tánganran tí kò tíì bó, tàbí ìgò ló yẹ fún ohun kíkan.

Ti ike náà wà ńlẹ̀. Rọ́bà pénǹtì ni wọ́n fi ń wọn gaàrí àti ẹ̀wà ní ọ̀pọ̀ ọjà Èkó, orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ òṣùwọ̀n. Rọ́bà tuntun tí ọ̀dà ò wọ̀ rí kò burú fún òṣùwọ̀n. Èyí tí wọ́n ti kun ilé tán, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n wá ń da ògì gbígbóná sí, òun ni ìṣòro. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di mọ́ínmọ́ín náà ńkọ́? Ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún kíkó ẹrù, wọn ò ṣe é fún omi híhó. Ewé ni àwọn ìyá wa mọ̀ fún un, ewé sì tún ń fi òórùn dídùn kún un láìgba owó.

TA NI YÓÒ KỌ́ ỌMỌ?

Ọmọ ìwé mẹ́wàá tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìdáná nílé ìwé lè ka orúkọ ṣíbí bíi méje lédè Òyìnbó láìsinmi. Ẹ gbé ìgbákọ sí i lọ́wọ́, ẹ ó rí bí yóò ṣe máa wò ó bíi pé wọ́n hú u nílẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ìyá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ ni kò jẹ́ kó wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, oúnjẹ tí wọ́n rà ní ìta ni gbogbo ilé jọ jẹ. Ojú ni ọmọ fi ń kọ́ ilé ìdáná, kò sì rí ohun tí yóò wò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọmọbìnrin nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Àpọ́n tó ń dá gbé ní Mushin, ikùn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ni òun. Kí ọmọkùnrin náà mọ orógùn yàtọ̀ sí ìgbákọ, kó má baà jẹ́ pé ìyàwó nìkan ni yóò máa gba èébú kókó àmàlà.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ohun tí ajere wà fún, ta ni yóò rà á? Bí ẹnikẹ́ni ò bá rà á, kí ni àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìlọrin àti Ìpetumodù yóò jẹ, ta sì ni yóò bá wọn kọ́ iṣẹ́ náà? Orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu, ohun èlò á kúrò lọ́jà, iṣẹ́ á sì kúrò lọ́wọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni lówó púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, kí ìyá tàbí bàbá kó gbogbo ohun tó wà nílé ìdáná síta. Kí wọ́n pe àwọn ọmọ, kí wọ́n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló ń jẹ́, kí ni wọ́n fi ń ṣe, kí ni wọn kì í fi ṣe. Kí wọ́n ya ti oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀dà, ti kẹrosíìnì àti ti ọṣẹ. Kí wọ́n wá ohun ìbumi ọlọ́wọ́ gígùn fún àmù tàbí korobá omi. Bí orógùn bá ti dá, kí wọ́n ra òmíràn. Kí wọ́n ra ìjábẹ̀ kan mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sókè tí ọwọ́ ọmọ tó ń gbálẹ̀ ò ní tó.

Orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè é lè má jẹ́ ohun tí ará Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Oǹdó tàbí Àkókó ń pè é. Ẹ̀yin òǹkàwé, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ohun èlò wo ló wà nílé ìdáná ìyá yín àgbà tí ẹ ò rí mọ́? Kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín, kí ni wọ́n sì fi ń ṣe? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ó tó tán lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n.